Demosthenes, Akólòlò tí ó Di Ọ̀gá Àwọn Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ó pẹ́ bí ó yá, akólòlò yóò pe baba. Láti ìgbà èwe wa ni a ti ń gbọ́ òwe yìí, púpọ̀ nínú wa ni ó sì ti fi í tu ẹlòmíràn nínú; ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwa tí a ti jókòó ro ohun tí ojú akólòlò ń rí kí ó tó pe baba náà. Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọkọ́ àti àdá wa. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan wà láàárín wa tí oorun kì í kùn nítorí pé òun ni yóò ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí kò bá sì sí láàárín wa, dájúdájú yóò wà láàárín àwọn ọmọ tí a ó máa kọ́ ní ọjọ́ iwájú. Nítorí náà ni a ṣe yàn láti ro ìtàn ọkùnrin kan tí ahọ́n rẹ̀ wúwo, tí ìlú rẹ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n tí ó padà di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ sísọ.

A bí Demosthenes ní ìlú Áténì, ní ilẹ̀ Gíríìkì, ní ọdún 384 ṣáájú ìbí Olúwa wa. Áténì yìí kan náà ni Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì wọ̀ ní nǹkan bí 370 ọdún lẹ́yìn ikú Demosthenes, nígbà tí ó dúró ní Áréópágù tí ó sì wàásù fún àwọn ọlọ́gbọ́n ibẹ̀. Ìlú tí ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ni. Kò sí ọba níbẹ̀ ní ìgbà náà. Àwọn ọkùnrin ọmọ ìlú ni wọ́n ń pé jọ lórí òkè kékeré kan tí à ń pè ní Pnyx, láti pinnu ọ̀ràn ogun àti àlàáfíà, owó àti òfin. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè dìde sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá dùn létí, ariwo ni wọn yóò fi lé e sọ̀kalẹ̀. Ní ilé ẹjọ́ pẹ̀lú, olúkúlùkù ni ó níláti ro ẹjọ́ ara rẹ̀ níwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ adájọ́, bí ó tilẹ̀ lè san owó fún ẹlòmíràn láti bá a kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò já gaara dà bí àgbẹ̀ tí apá rẹ̀ rọ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò.

Baba rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Demosthenes, jẹ́ ọlọ́rọ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ kan níbi tí àwọn ẹrú tí ó lé ní 30 ti ń rọ idà àti ọ̀bẹ, ó sì ní òmíràn níbi tí àwọn 20 ti ń ṣe ibùsùn. Nígbà tí baba yìí kú, Demosthenes jẹ́ ọmọ ọdún 7, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún 5. Dúkìá tí baba fi sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tálẹ́ńtì 15, bẹ́ẹ̀ ni tálẹ́ńtì kan jẹ́ fàdákà tí ó wọ̀n tó kílò 26. Ó fi àwọn ọmọ àti dúkìá náà lé àwọn alágbàtọ́ mẹ́ta lọ́wọ́: Aphobus àti Demophon, tí wọ́n jẹ́ ìbátan rẹ̀, àti Therippides, tí í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn tí a fi ṣọ́ oko ni ó di olè inú oko. Wọ́n ná èyí tí wọ́n ná, wọ́n kó èyí tí wọ́n kó, wọn kò tilẹ̀ san owó àwọn olùkọ́ ọmọ náà tán.

Bí ọmọ yìí ti jẹ́ aláìní baba, bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ aláìlera. Ó tín-ín-rín, àìsàn sì máa ń ṣe é, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ibi ìjàkadì àti eré ìdárayá. Àwọn ọmọkùnrin sì sọ ọ́ ní Batalus, orúkọ ẹ̀sín tí ó lẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi dàgbà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Èémí rẹ̀ kúrú, ohùn rẹ̀ kò lágbára, ọ̀rọ̀ sì máa ń kọ́ ọ lẹ́nu. Cicero ará Róòmù, tí òun náà jẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ńlá, kọ ọ́ pé Demosthenes kò lè pe lẹ́tà R, tí í ṣe lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní èdè Gíríìkì. Ẹ wo bí ó ti rí: ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tí kò tilẹ̀ lè pe orúkọ rẹ̀.

Kí ni ó wá mú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ? Plutarch, tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní nǹkan bí 400 ọdún lẹ́yìn náà, sọ fún wa pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tí ń jẹ́ Callistratus fẹ́ ro ẹjọ́ ńlá kan, gbogbo ìlú sì ń sọ nípa rẹ̀. Demosthenes bẹ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ pé kí ó mú òun lọ. Ọkùnrin náà mọ àwọn tí ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́, ó sì rí àyè fún ọmọ náà níbi tí yóò ti jókòó gbọ́ láìsí ẹni tí yóò rí i. Callistratus borí. Demosthenes rí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sìn ín lọ sí ilé, ṣùgbọ́n ohun tí ó yà á lẹ́nu jù ni agbára tí ọ̀rọ̀ ní láti tẹ ọkàn ènìyàn ba. Láti ọjọ́ náà ni ó ti fi gbogbo ẹ̀kọ́ mìíràn sílẹ̀.

Nígbà tí ó di ẹni ọdún 18, àwọn alágbàtọ́ fún un ní ohun tí ó ṣẹ́kù nínú ogún rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ohun tí ó lé díẹ̀ ní tálẹ́ńtì kan lọ. Demosthenes kò bínú jà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ká apá kò. Ó tọ Isaeus lọ, ẹni tí ó mọ òfin ogún jù ní ìlú, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó tó bí ẹni 20 ọdún, ó pe Aphobus lẹ́jọ́, ó ro ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀, ó sì borí. Ilé ẹjọ́ dá a láre pé kí Aphobus san tálẹ́ńtì 10. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó rí gbà nínú rẹ̀ nítorí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀. Ní ọ̀nà àtijẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ní ẹjọ́, tí wọn yóò sì lọ sọ ọ́ ní kóòtù. Akólòlò ń fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu àwọn tí ahọ́n wọn yá!

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí ibi tí ó wà. Ó dìde níjọ́ kan ní àpéjọ àwọn ará ìlú, ó sì sọ̀rọ̀. Ìtìjú ni ó bá bọ̀. Èémí rẹ̀ ń já ní àárín gbólóhùn, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ń ṣòfò, àwọn ènìyàn ń pariwo, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ó bo ojú, ó sì ń rìn káàkiri ní Piraeus, èbúté ìlú náà, pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ibẹ̀ ni bàbá arúgbó kan tí ń jẹ́ Eunomus ti rí i, tí ó sì bá a wí. Arúgbó náà fi yé e pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára, ó sì jọ ti Pericles àgbà tí ó ti kú. Ojo àti àìmúra ara sílẹ̀ ni ó ń bà á jẹ́.

Ní ìgbà mìíràn tí wọ́n tún lé e sọ̀kalẹ̀, òṣèré kan tí ń jẹ́ Satyrus tẹ̀ lé e dé ilé. Demosthenes ṣe àròyé fún un pé òun ń ṣiṣẹ́ ju gbogbo àwọn ẹgbẹ́ òun lọ, síbẹ̀ àwọn ọ̀mùtí àti àwọn òpè ni ìlú ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Satyrus ní kí ó ka ẹsẹ díẹ̀ nínú eré Sophocles tàbí ti Euripides fún òun. Nígbà tí ó kà á tán, Satyrus tún un kà pẹ̀lú ohùn àti ìṣesí tí ó yẹ é, ó sì dà bí ẹni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọjọ́ náà ni Demosthenes mọ̀ pé èrò rere kò tó. Bí a ti ń gbé e jáde lẹ́nu ni ó ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀.

Kí ni ó wá ṣe? Ó gbẹ́ yàrá kan sí abẹ́ ilẹ̀, níbi tí ó ti ń kọ́ ohùn àti ìṣesí lójoojúmọ́. Ní ìgbà mìíràn a máa wà níbẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, a sì máa fá apá kan orí rẹ̀, kí ìtìjú má bàa jẹ́ kí ó jáde bí ó tilẹ̀ fẹ́. Ó di òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹnu, ó sì ń sọ̀rọ̀ kọjá wọn títí ahọ́n rẹ̀ fi gbọ́ràn. Ó ń ka ọ̀rọ̀ sókè bí ó ti ń sáré gun òkè, kí èémí rẹ̀ lè gùn. Ó ní dígí ńlá kan tí ó ń dúró níwájú rẹ̀. Demetrius ará Phalerum sọ pé ẹnu Demosthenes fúnra rẹ̀ ni òun ti gbọ́ nǹkan wọ̀nyí nígbà tí ó ti darúgbó. Àwọn mìíràn tún ròyìn pé a máa lọ sí etí òkun, a sì máa bá ìgbì sọ̀rọ̀, kí ariwo àpéjọ má bàa bà á lẹ́rù mọ́.

Kì í ṣe ahọ́n nìkan ni ó tọ́jú. Ó tọ́jú ara pẹ̀lú. Ní ìlú tí wáìnì ti jẹ́ ohun mímu gbogbo ènìyàn, omi ni Demosthenes ń mu, àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ní gbangba pé oníkanra ni àti ẹni tí kò gbádùn ayé. Òun náà kò sì fi pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìlú. Kì í fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ láìmúra sílẹ̀, bí ìlú tilẹ̀ ń ké pe orúkọ rẹ̀. Ẹnìkan fi í ṣẹ̀sín pé òórùn òwú àtùpà ni ó wà lára ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí òru ni ó fi ń kọ wọ́n. Ẹ̀sín náà kò dùn ún. Ó mọ̀ pé ìmúrasílẹ̀ ni ó ń lé ẹ̀rù jìnnà, àti pé ibi tí ẹ̀rù bá kúrò ni ahọ́n ti ń rí àyè.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a rò pé ó borí lẹ́ẹ̀kan, ó sì tán. Ní ọdún 346, nígbà tí ó ti tó nǹkan bí ẹni 38 ọdún tí òkìkí rẹ̀ sì ti kàn, Áténì rán ikọ̀ mẹ́wàá sí Philip ọba Makedóníà ní ìlú Pella. Demosthenes ni ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Aeschines, tí ó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, ròyìn pé ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tán, ni ó bá dákẹ́, tí gbogbo ohun tí ó ti múra sílẹ̀ sì sá lọ. Philip gbà á níyànjú pé kí ó fi ara balẹ̀, kí ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó sì tún dákẹ́. Ẹni tí ó ti bá ìgbì òkun sọ̀rọ̀ kò lè sọ̀rọ̀ níwájú ọba kan. Ẹ jẹ́ kí á rántí èyí nígbà tí ọmọ kan bá ka ìwé dáradára ní àná, tí ó sì kùnà ní òní.

Lẹ́yìn ìtìjú yìí, kò padà sí ilé jókòó. Láti ọdún 351 ni ó ti ń kìlọ̀ fún ìlú rẹ̀ pé Philip yóò gba òmìnira gbogbo ilẹ̀ Gíríìkì, kò sì dẹ́kun ìkìlọ̀ náà. Èyí tí ó sọ ní ọdún 341 ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kà sí èyí tí ó lágbára jù nínú wọn. Ìlú gbọ́ níkẹyìn, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ní ọdún 338 Philip ṣẹ́gun wọn ní Chaeronea. Demosthenes wà lójú ogun náà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun lásán, àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì fi sísá tí ó sá kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ sin àwọn tí ó kú, òun ni ìlú yàn láti sọ̀rọ̀ lórí òkú wọn.

Ní ọdún 336, Ctesiphon dá a lábàá pé kí ìlú fi adé wúrà dá a lọ́lá. Aeschines gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́, a sì gbọ́ ọ ní ọdún 330. Ẹ kíyè sí i pé Aeschines ti ṣe òṣèré rí, ohùn rẹ̀ sì dùn bí agogo. Ohùn tí a bí mọ́ni àti ohùn tí a fi làálàá wá ni ó pàdé ní ọjọ́ náà. Nígbà tí a ka ìbò, Aeschines kò rí ìdá kan nínú márùn-ún. Ó sì fi ìlú sílẹ̀ lọ.

A kò ní fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́, nítorí ìtàn tí a fi àbùkù rẹ̀ pamọ́ kì í kọ́ni. Ní ọdún 324, a fi ẹ̀sùn kàn án pé ó gba tálẹ́ńtì 20 nínú owó tí Harpalus, olùtọ́jú ìṣúra Alexander, gbé sá wá sí Áténì. A dá a lẹ́bi pé kí ó san tálẹ́ńtì 50. Kò rí i san, a tì í mọ́lé, ó sì sá lọ sí ìgbèkùn. Nígbà tí Alexander kú ní ọdún 323, ìlú pè é padà tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 322 àwọn ará Makedóníà tún borí, wọ́n sì rán ènìyàn láti mú un. Ó sá wọ tẹ́ńpìlì kan ní erékùṣù Calauria. Bí wọ́n ti yí i ká, ó ní òun fẹ́ kọ ìwé sí ará ilé òun, ó sì fi májèlé tí ó wà nínú kálàmù sí ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kú. Àwa Kristẹni kò gbóríyìn fún irú ikú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a káàánú rẹ̀. Ní nǹkan bí 42 ọdún lẹ́yìn náà, ìlú rẹ̀ gbé ère idẹ ró ní orúkọ rẹ̀.

Ó kù kí a bi ara wa léèrè: ǹjẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ àti omi mímu ni ó wò ó sàn? Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń wá oúnjẹ, egbòogi àti ọgbọ́n tí yóò tú ahọ́n. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ṣe ìkà: ní ọdún 1841, Dieffenbach, oníṣègùn iṣẹ́ abẹ ní Berlin, ń gé lára ahọ́n àwọn akólòlò. Ní òde òní, àwọn onímọ̀ fi yé wa pé kíkólòlò kì í ṣe àìsàn ahọ́n, kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ òbí. Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà ṣètò ọ̀rọ̀ ni ó yàtọ̀, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Láàárín ọdún 2 sí 5 ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ọmọ 5 nínú 100 ni ó ń kọjá nínú rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù sì máa ń bọ́ nínú rẹ̀. Nínú àwọn àgbà, ó ku nǹkan bí ẹnìkan nínú 100.

Kò sí oúnjẹ kan tàbí oògùn aṣaralóore kan tí a ti fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé ó ń wo kíkólòlò sàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ná owó rẹ̀ sórí àwọn tí ń ta irú rẹ̀, kí ó má sì ṣe fi òkúta sí ẹnu ọmọ, nítorí ó lè há a lọ́fun. Ṣùgbọ́n àárẹ̀, àìsùn, ìkánjú àti ìbẹ̀rù a máa mú un le sí i. Nítorí náà ni oorun tí ó tó, oúnjẹ déédéé, mímí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, sísọ̀rọ̀ ní sùúrù àti ọkàn tí ó balẹ̀ fi ṣe ìrànlọ́wọ́, pàápàá bí ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà bá ń tọ́ni sọ́nà. Ọba George Kẹfà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà jẹ́ akólòlò; láti ọdún 1926 ni Lionel Logue, ará Australia, ti ń bá a ṣe ìdánrawò mímí àti ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì bá gbogbo ìjọba rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsán-án, ọdún 1939, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀.

Bí a bá wo ìtàn yìí dáradára, a ó rí i pé kì í ṣe òkúta ni ó gba Demosthenes là. Bí arúgbó Eunomus bá ti bá àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, bí Satyrus kò bá sì tẹ̀ lé e dé ilé, bóyá yàrá abẹ́ ilẹ̀ náà kì bá ti sí. Mósè pẹ̀lú jẹ́wọ́ pé ahọ́n òun wúwo. Ọlọ́run kò yàn ẹlòmíràn dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún un ní Áárónì. Olùkọ́ ni Eunomus, Satyrus àti Áárónì fún ọmọ tí ó ń kólòlò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí a bá dé iwájú kíláàsì, tí ọmọ kan sì dìde tí ọ̀rọ̀ kọ́ ọ lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí a dúró dè é. Kí a má ṣe bá a parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí a má ṣe wo ibòmíràn, kí a má sì ṣe kígbe mọ́ ọn pé kí ó yára. Kí a jẹ́ kí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ jọ ka ẹsẹ kan náà sókè, nítorí ọ̀pọ̀ akólòlò ni kì í kólòlò nígbà tí ó bá ń kọrin tàbí tí ó bá ń bá ẹlòmíràn kàwé pọ̀. Ọmọ tí ó bá sì fi í rẹ́rìn-ín, òun ni kí a bá wí. Bí ẹnìkan bá sì wà láàárín wa nínú ilé ẹ̀kọ́ yìí tí àwa fúnra wa ti fi ṣẹ̀sín, kí a lọ bẹ̀ ẹ́ kí oòrùn òní tó wọ̀. Akólòlò yóò pe baba. Ọwọ́ wa ni ó wà bóyá yóò bá ẹni tí ń gbọ́ ọ níbẹ̀.